Propylene Glycol: Omi tí kì í ṣe Omi nínú Ìpara Wa

Bí ẹ bá yí agolo ìpara tí ẹ fi para láàárọ̀ òní padà, tí ẹ sì ka àwọn lẹ́tà wínníwínní tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ọ̀rọ̀ méjì yìí: propylene glycol. Nígbà mìíràn omi nìkan ni ó máa ń ṣáájú rẹ̀. Òun náà ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ lọ́fínńdà tí a ń fi sí abíyá, ó sì wà nínú oògùn olómi tí a ń fún ọmọdé mu. Àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa lè béèrè pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì. Ohun tí ó kàn mí ni pé láàárín ọdún 2008 sí 2009, ọmọ wẹ́wẹ́ 84 ni ó kú ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà nítorí pé ohun mìíràn jẹ́ orúkọ ohun yìí. Bí ìyá ọlọ́mọ kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá sì ní kí a ṣàlàyé bí ó ti jẹ́ fún òun, púpọ̀ nínú wa ni yóò máa kálòlò.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Iyọ̀ a máa yòrò nínú omi, òróró kì í yòrò nínú rẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá lè mú nǹkan mìíràn yòrò ni n ó máa pè ní amóhunyòrò nínú àpilẹ̀kọ yìí. Mọ́fíìmù àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni a-, ìyókù sì ni mú ohun yòrò. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mú un wá sí ìpàdé ẹgbẹ́, a ó jọ gbé e yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ náà ni ó jẹ́ tuntun, ìmọ̀ tí ó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Àwọn elégbòogi mọ̀ pé egbò kan wà tí a ń rẹ sínú omi lásán, òmíràn wà tí ó jẹ́ omi ògì ni a fi ń rẹ ẹ́, òmíràn sì rèé, àfi ọtí líle. Ẹni tí ó bá rẹ egbò ọlọ́tí sínú omi, omi aláwọ̀ ni yóò kàn mu. Osùn pàápàá, tí àwọn ìyá wa fi ń kun ara, kì í fẹ́ yòrò nínú omi. Inú ọtí ni àwọ̀ rẹ̀ ti ń jáde dáadáa.

Propylene glycol jẹ́ irú amóhunyòrò bẹ́ẹ̀. Ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti sábà máa ń rí i. Kò ní àwọ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òórùn, ó ki ju omi lọ, ó sì dùn díẹ̀ lẹ́nu. Ó máa ń dà pọ̀ mọ́ omi pátápátá, síbẹ̀ ó lè mú ohun tí omi kò lágbára lé lórí yòrò, bí òórùn dídùn àti àwọn èròjà tí kì í jẹ́ kí ìpara bàjẹ́. Ó tún ní iṣẹ́ kejì: ó máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra. Nígbà ọyẹ́, tí ẹsẹ̀ gbogbo wa ń funfun bí ẹni pé a ti inú eérú jáde, iṣẹ́ yìí ni ó mú kí àwọn tí ń ṣe ìpara fẹ́ràn rẹ̀.

Ṣé ó léwu? Bí ó bá wọ inú ara, ẹ̀dọ̀ ni yóò sọ ọ́ di ásíìdì kan tí ara tiwa náà ń ṣe nígbà tí a bá sáré, ara yóò sì lò ó. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé ènìyàn lè jẹ ẹ́ tó mílígíráàmù 25 fún kílò ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lóòjọ́; ẹni tí ó bá wọn kílò 60 lè jẹ 1,500. Ní 1994, ìgbìmọ̀ tí ń yẹ èròjà ìpara wò ní Amẹ́ríkà sọ pé kò léwu nínú ìpara bí kò bá ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí àwọ̀ ara wọn kì í gbà á. Yóò máa yún wọn, yóò sì pọ́n. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn awọ ara kan ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ fi ṣe ohun tí wọ́n kìlọ̀ nípa rẹ̀ jùlọ ní 2018. Ẹni tí ó bá fura, kí ó fi ìpara náà pa kọ̀rọ̀ ìgúnpá fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó fi kan ojú. Ojú iná tí ó fẹ̀ àti ara ọmọ ìkókó tún yàtọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ó ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ jù.

Ohun tí mo rò pé a kò sọ tó ni pé amóhunyòrò yìí a máa ṣí ọ̀nà fún ohun tí ó bá gbé dání. Àwọn oníṣègùn mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó láti mú kí oògùn awọ ara wọlé dáadáa. Ṣùgbọ́n kò mọ rere yàtọ̀ sí búburú. Bí ó bá jẹ́ ìpara tí ń bó àwọ̀ ni, tí wọ́n ti po oògùn líle mọ́, yóò gbé ìyẹn náà wọlé pẹ̀lú ìtara kan náà. Àwọn tí ń bóra yóò wá máa di ẹ̀bi lé orí oòrùn!

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Ìbátan kan wà tí ń jẹ́ diethylene glycol. Òun náà kò ní àwọ̀, ó ki, ó dùn, owó rẹ̀ sì máa ń dín. Májèlé ni. Kíndìnrín ni ó ń bà jẹ́: ọmọ tí ó bá mu ún kò ní í lè tọ̀ mọ́. Ní 1937, wọ́n fi mú oògùn kan yòrò ní Amẹ́ríkà, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 100. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún kejì rẹ̀ nítorí ikú wọ̀nyí ni ó kọ́kọ́ fi ìpara sábẹ́ àṣẹ ìjọba àpapọ̀ wọn. Ní 1990, ó wọ inú oògùn ibà àwọn ọmọdé ní Ìbàdàn àti Jọ́ọ̀sì. Propylene glycol ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ní 2008 ni ti My Pikin, oògùn tí a ń fún ọmọ tí ń hu eyín. Àwọn tí ó ṣe é ra ohun tí wọ́n pè ní propylene glycol, wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó lò ó. Ní 2013, ilé ẹjọ́ rán méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méje. Ní 2022, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Gáḿbíà.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ojú tàbí ahọ́n tí ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Yàrá àyẹ̀wò nìkan ni ó lè ṣe é. Mo sọ èyí nítorí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wa pọ̀ ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń po ìpara tà, tí wọ́n sì ń ra èròjà nínú kẹ́ẹ̀gì tí ọlọ́jà fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ kọ orúkọ sí lára. Ẹ ní kí ó fi dúrọ́ọ̀mù tí ó ti bù ú hàn yín, kí ẹ ka orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i, kí ẹ sì béèrè ìwé àyẹ̀wò tí ó bá nọ́ńbà náà mu. Bí kò bá ní ìwé, ẹ fi kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Àdí àti òrí ṣì wà lọ́jà.