Ẹ̀kọ́ Kẹjọ: Oúnjẹ Ọlá àti Oúnjẹ Ìlera

Ibi Kíkà: Daniẹli 1:3-16
Àkọ́sórí: 1 Kọrinti 10:31

Ète Ẹ̀kọ́

Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lè:
(1) sọ ohun tí ó ń sọnù nígbà tí a bá bó oúnjẹ títí ó fi di funfun;
(2) fi ìyàtọ̀ sáàárín iṣẹ́ ọwọ́ tí ó ń tún oúnjẹ ṣe àti èyí tí ó ń sọ ọ́ di òfìfo;
(3) yan ohun kan tí yóò yí padà nínú oúnjẹ ilé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú

Bí àlejò pàtàkì bá wọlé tọ̀ wá wá, kí ni a máa ń gbé kalẹ̀ fún un? Ọ̀pọ̀ nínú wa kò jẹ́ gbé àgbàdo sísè síwájú rẹ̀. Ìrẹsì funfun ni, tàbí búrẹ́dì, pẹ̀lú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. A ti gbà lọ́kàn wa pé oúnjẹ tí ó bá funfun ni oúnjẹ ọlá, àti pé èyí tí èèpo rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, oúnjẹ tálákà ni. Ẹ jẹ́ kí a yẹ èrò yìí wò dáadáa lónìí, nítorí pé ó ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn rí.

Àlàyé Ẹ̀kọ́

*1. Ìdánwò ọjọ́ mẹ́wàá.* Nígbà tí wọ́n kó Daniẹli àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta lọ sí Babiloni, inú oúnjẹ ọba ni wọ́n ti pín tiwọn. Ọlá ńlá ni èyí jẹ́ fún ẹrú. Ṣùgbọ́n Daniẹli kọ̀ ọ́. Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe nítorí ìlera ni ó ṣe kọ̀ ọ́. Kò fẹ́ sọ ara rẹ̀ di aláìmọ́ ni. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ibí yìí sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn jẹ ẹran.

Ohun tí a fẹ́ kọ́ níhìn-ín ni ọ̀nà tí ó gbà yanjú ọ̀rọ̀ náà. Kò bá olùtọ́jú wọn jà, kò sì pariwo. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dán wọn wò fún ọjọ́ mẹ́wàá pẹ̀lú ohun ọ̀gbìn àti omi, kí ó sì fi ojú wọn wé ojú àwọn tí ń jẹ oúnjẹ ọba. Nígbà tí ọjọ́ pé, ara àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni ó dára jù. Dán an wò, fi wé ara wọn, kí o tó dájọ́: ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn oníṣègùn lò ní nǹkan bí 140 ọdún sẹ́yìn láti mọ ohun tí oúnjẹ funfun ń ṣe fún ara.

*2. Ọkọ̀ ojú omi méjì.* Ní ilẹ̀ Japan láyé àtijọ́, ìrẹsì funfun ni oúnjẹ àwọn ọlọ́lá àti àwọn ará ìlú ńlá. Àwọn ará oko ń jẹ ìrẹsì tí èèpo inú rẹ̀ kò tíì kúrò, tàbí ọkà bálì. Àìsàn kan wá ń bá àwọn ará ìlú ńlá jà, tí a mọ̀ sí beriberi. Ẹsẹ̀ a máa kú tipiri, ara a máa wú, ọkàn a sì máa rẹ̀ títí ẹni náà yóò fi kú. Ìlú Edo, tí í ṣe Tokyo lónìí, ni wọ́n fi sọ àìsàn náà lórúkọ, nítorí pé ẹni tí ó bá kó o níbẹ̀ a máa sàn bí ó bá padà sí oko baba rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wá le nínú ọmọ ogun ojú omi. Ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Ryujo rìn jìnnà lórí òkun láti 1882 di 1883. Nínú 376 ènìyàn tí ó wà nínú rẹ̀, 169 ni ó kó beriberi, 25 sì kú. Dókítà wọn, Takaki Kanehiro, bẹ ìjọba pé kí wọ́n rán ọkọ̀ mìíràn gba ọ̀nà yẹn gan-an, ṣùgbọ́n kí wọ́n yí oúnjẹ padà: kí wọ́n dín ìrẹsì funfun kù, kí wọ́n sì fi ọkà bálì, ẹ̀wà, ẹran àti wàrà kún un. Ọkọ̀ Tsukuba lọ ní 1884. Àwọn tí beriberi mú níbẹ̀ kò tó ogún, ẹnì kan ṣoṣo kò sì kú. Takaki kò tíì mọ ohun náà gan-an tí ó wà nínú oúnjẹ. Ó rò pé àìtó ẹran àti ẹ̀wà nìkan ni. Ṣùgbọ́n ìdánwò rẹ̀ gba ẹ̀mí là.

*3. Adìẹ ilé ìwòsàn.* Ní erékùṣù Java, tí ó wà lábẹ́ àwọn ará Holland nígbà náà, dókítà kan tí ń jẹ́ Christiaan Eijkman ń wá kòkòrò tí ó ń fa beriberi. Ó ń sin adìẹ fún iṣẹ́ rẹ̀. Lójijì, ẹsẹ̀ àwọn adìẹ náà kò gbé wọn mọ́. Nígbà tí ó yá, ara wọn tún yá fúnra wọn. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ìrẹsì funfun tí ó ṣẹ́kù ní ilé ìdáná àwọn ọmọ ogun ni wọ́n ti ń fún wọn jẹ. Agbáṣè tuntun dé, ó sì sọ pé òun kò ní fi ìrẹsì ọmọ ogun bọ́ adìẹ. Wọ́n bá padà sí orí ìrẹsì tí a kò bó, ara adìẹ sì dá.

Ọ̀rẹ́ Eijkman kan, Adolphe Vorderman, wá wo ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ó lé ní 100 ní Java. Nínú 37 tí wọ́n ti ń jẹ ìrẹsì tí a kò bó tán, ọ̀kan ṣoṣo ni beriberi wà. Nínú 51 tí wọ́n ti ń jẹ ìrẹsì funfun, 36 ni ó wà. Ní 1901, Gerrit Grijns ṣàlàyé pé kì í ṣe kòkòrò ni ó ń fa àìsàn náà; ohun kan tí ara nílò ni ó ṣàìsí nínú ìrẹsì funfun. Ohun náà ni a ń pè ní fítámì B1 lónìí. Eijkman gba ẹ̀bùn Nobel ní 1929.

*4. Kí ni ẹ̀rọ bó sọnù?* Hóró ọkà ní apá mẹ́ta. Èkíní ni èèpo inú tí ó rọ̀ mọ́ ọn lára. Èkejì ni ojú hóró, níbi tí ọkà ti ń hù. Ẹ̀kẹta ni àárín rẹ̀ tí ó funfun. Èèpo àti ojú hóró ni ọ̀pọ̀ fítámì àti epo rere inú ọkà wà. Bí ẹ̀rọ bá bó wọn kúrò, ìrẹsì á funfun, á sì pẹ́ nínú àpò. Ìyẹ̀fun á kúnná. Ṣùgbọ́n àárín nìkan ni ó kù fún wa. Lóde òní wọ́n máa ń fi àwọn fítámì kan padà sínú ìyẹ̀fun funfun, beriberi kò sì wọ́pọ̀ láàárín wa. Síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ohun tí a yọ ni a ń dá padà. Èèpo yẹn kan náà ni kì í jẹ́ kí ṣúgà inú oúnjẹ sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀, òun ni ó sì ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀. Àwọn tí ń jẹ odindi ọkà àti ẹ̀wà déédéé kì í sábà ní àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn tó àwọn tí kì í jẹ ẹ́.

*5. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ni ó burú.* Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé oúnjẹ tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn nìkan ni ó dára. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́. Rírẹ, rírin, fífún àti yíyan tí àwọn ìyá wa ń ṣe kí ó tó di gàrí ni ó ń mú un kúrò. Irú pípò ń sọ igbá tí ó le di ohun tí ikùn lè dà. Ìrẹsì tí a bọ̀ pẹ̀lú èèpo rẹ̀ kí a tó gún un, fítámì èèpo a máa wọ inú hóró lọ. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ni èyí: kí ni wọ́n yọ kúrò lára rẹ, kí sì ni wọ́n fi kún ọ?

Ìwúlò fún Wa

Ẹ jẹ́ kí a bi ìkòkò wa ní ìbéèrè yẹn. Bí a bá sẹ́ ògi, eèrí tí a ń kó fún ẹran ní nínú ohun tí ọmọ wa nílò. Nítorí náà, ẹ má fi ẹ̀kọ nìkan bọ́ ọmọ, ẹ fi ẹ̀wà tàbí sóyà lílọ̀ kún un. Bí a bá bọ ẹ̀fọ́ tí a fún omi rẹ̀ dànù, a ti da fítámì dànù. Epo pupa ní ohun tí ń ran ojú lọ́wọ́. Bí a bá yọ́ ọ títí ó fi funfun, bí a ti ń ṣe fún ọbẹ̀ ìrẹsì Ọ̀fadà, ohun náà ti jóná. Ìrẹsì rere ni a fi epo òfìfo jẹ yẹn! Iyọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú màgí. Àjọ ìlera àgbáyé sì sọ pé gbogbo iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, èyí tí í ṣe nǹkan bí ṣíbí tíì kan.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé owó ìrẹsì Ọ̀fadà ga ju agbára òun lọ. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà wà, àgbàdo wà, ọkà bàbà wà, iṣu àti ọ̀dùnkún wà, tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sì wà lẹ́yìnkùlé ẹlòmíràn. Owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò ọ̀sẹ̀ kan lè ra ẹ̀wà díẹ̀.

Ẹ̀yin baálé ilé, ẹ má ṣe fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ìyàwó nìkan. Bí bàbá bá ń jẹ búrẹ́dì funfun tí ó ní kí àwọn ọmọ jẹ ẹ̀wà, oúnjẹ ìyà ni wọn yóò kà á sí. Kí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru má ṣe tìtorí ẹ̀kọ́ yìí dá oògùn dúró. Kí ó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí pé bí oúnjẹ bá yí padà, ìwọ̀n oògùn lè ní láti yí padà.

Ìbéèrè fún Ìjíròrò

1. Kí ni ìdí tí Daniẹli fi kọ oúnjẹ ọba? Báwo ni ó ṣe bá olùtọ́jú rẹ̀ sọ̀rọ̀?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín oúnjẹ ọkọ̀ Ryujo àti ti ọkọ̀ Tsukuba?
3. Dárúkọ iṣẹ́ ọwọ́ kan tí ó ń tún oúnjẹ ṣe ní ilé yín, àti ọ̀kan tí ó ń sọ ọ́ di òfìfo.
4. Kí ni a lè gbé síwájú àlejò tí yóò bu ọlá fún un tí yóò sì ṣe ara rẹ̀ lóore?

Iṣẹ́ Ṣíṣe

*Fún olùkọ́:* Mú ìrẹsì funfun, ìrẹsì Ọ̀fadà àti eèrí ògi díẹ̀ wá sí kíláàsì. Jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ kàn án kí o tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé kẹrin.

*Fún akẹ́kọ̀ọ́:* Yan ohun kan ṣoṣo tí ìwọ àti ará ilé rẹ yóò yí padà fún ọjọ́ mẹ́wàá. Kọ ohun tí ẹ jẹ lójoojúmọ́ sílẹ̀, iye owó rẹ̀, àti bí ara ṣe rí. Kí olúkúlùkù mú ìwé rẹ̀ wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí a lè fi wé ara wọn.