Bí Ọ̀tá Méjì Ti Ṣe Jùmọ̀ Ba Ohun Ìjà Wọn Jẹ́

Ẹ̀kọ́ wa ní oṣù yìí dá lórí ìbéèrè kan tí àwọn ọmọ kíláàsì gíga a máa bi wá: bí ìjọba méjì bá kórìíra ara wọn, tí olúkúlùkù sì gbà pé òpùrọ́ ni ẹnì kejì, báwo ni wọ́n ṣe lè dá májẹ̀mú láti ba ohun ìjà wọn jẹ́? Ìbéèrè ọmọdé kọ́ ni èyí. Àdó olóró átọ́míìkì kan ṣoṣo ni ó pa ìlú Hiroshima run ní ọdún 1945, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a sì ṣe lẹ́yìn rẹ̀ lágbára jù ú lọ gidigidi.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀ràn kan yẹ̀ wò. Láti ọdún 1976 ni ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ti ń to rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun kan tí a ń pè ní SS-20. Àdó olóró mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé, kò sì sí olú ìlú kan ní ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù tí kò lè dé. Ní ọdún 1979, Amẹ́ríkà àti àwọn alájọṣe rẹ̀ dáhùn pé àwọn yóò gbé ti àwọn náà wá sí Yúróòpù, ṣùgbọ́n pé àwọn ṣe tán láti jókòó sọ̀rọ̀.

Ìjókòó náà bẹ̀rẹ̀ ní Geneva ní ọdún 1981. Ní oṣù Keje ọdún 1982, Paul Nitze, aṣojú Amẹ́ríkà, àti Yuli Kvitsinsky, aṣojú Sófíẹ́ẹ̀tì, fi ilé ìpàdé sílẹ̀, wọ́n rìn lọ sínú igbó lórí òkè Jura, wọ́n jókòó lórí ìtì igi, wọ́n sì jùmọ̀ kọ ohun tí olúkúlùkù lè yọ̀ǹda. Nígbà tí wọ́n mú un délé, Washington kọ̀ ọ́, Moscow náà kọ̀ ọ́. Nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà sì dé Jámánì ní oṣù Kọkànlá ọdún 1983, àwọn ará Sófíẹ́ẹ̀tì dìde kúrò nídìí tábìlì.

Ní ọjọ́ 11 àti 12 oṣù Kẹwàá ọdún 1986, àwọn olórí méjèèjì fúnra wọn, Ronald Reagan àti Mikhail Gorbachev, pàdé ní Reykjavik. Ọ̀rọ̀ wọn lọ jìnnà débi pé wọ́n fẹnu kan pípa gbogbo ohun ìjà átọ́míìkì rẹ́. Asà tí Reagan fẹ́ ṣe sí ojú ọ̀run ni ó tú wọn ká: Gorbachev ní kí ìdánwò rẹ̀ má ṣe jáde kúrò nínú ilé ìwádìí fún ọdún 10, Reagan kò gbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wí pé ìpàdé náà já sí asán. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni olúkúlùkù ti gbọ́ láti ẹnu ẹnì kejì ibi tí ó lè bá a dé. Àwọn àgbà wa a máa wí pé, bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1987, wọ́n fọwọ́ sí ìwé ní Washington pé gbogbo rọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ń ta láti orí ilẹ̀, tí ó lè lọ láti 500 dé 5,500 kìlómítà, ni a ó bà jẹ́. Sófíẹ́ẹ̀tì ba 1,846 jẹ́, Amẹ́ríkà ba 846 jẹ́. Àwọn kan yóò bèèrè pé ta ni ó rẹ́ ta ni jẹ. Kí wọ́n kíyè sí i pé ibi kan náà ni àwọn méjèèjì parí sí, èyíinì ni òdo. Òdo sì rọrùn láti ṣọ́: bí a bá rí ẹyọ kan péré, májẹ̀mú ti bàjẹ́ nìyẹn. (Rọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n bàjẹ́ o, ìwé náà gbà wọ́n láàyè láti yọ ohun olóró inú rẹ̀ pamọ́.)

Òwe àwọn ará Rọ́ṣíà kan, pé kí a gbàgbọ́ ṣùgbọ́n kí a yẹ̀ ẹ́ wò, ni Reagan ń tẹnu mọ́ títí tí ó fi di àwàdà láàrin òun àti Gorbachev. Òwe náà sì di iṣẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà lọ gbé ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì ní Votkinsk, wọ́n ń yẹ ẹrù ńlá tí ó ń jáde wò. Àwọn ará Sófíẹ́ẹ̀tì náà gbé ní Magna, ní ìpínlẹ̀ Utah. Ọdún 13 ni wọ́n fi ṣe é. Nítorí náà, ìdáhùn wa sí àwọn ọmọ ni pé àwọn ọ̀tá wọ̀nyí kò dúró kí ìfẹ́ dé kí wọ́n tó dá májẹ̀mú. Olúkúlùkù ṣí ìlẹ̀kùn ilé rẹ̀ fún ojú ẹni tí kò gbà á gbọ́.

Ẹ̀tọ́ àyẹ̀wò yìí parí ní ọdún 2001. Nígbà tí Amẹ́ríkà wá fẹ̀sùn kan Rọ́ṣíà pé ó ti ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ìwé náà kọ̀, tí Rọ́ṣíà sì sẹ́, kò sí olùyẹ̀wò tí ìwé náà lè rán wọlé mọ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Amẹ́ríkà jáde, májẹ̀mú sì parí. Èyí tí wọ́n ṣe ní Prague ní ọdún 2010, tí ó fi àdó olóró tí olúkúlùkù lè to sílẹ̀ fún ogun mọ sí 1,550, fàyè gba àyẹ̀wò 18 lọ́dọọdún. Àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà dá àyẹ̀wò náà dúró ní ọdún 2020, Rọ́ṣíà kéde ní ọdún 2023 pé òun ti dá ipa tirẹ̀ dúró, ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2026 sì ni òpin tí a dá fún un. Láti ìgbà tí àyẹ̀wò ti dúró ni àwọn ìjọba méjèèjì ti ń ka ohun ìjà ara wọn láti òkèèrè, láti ojú ọ̀run, láìsí ẹni tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà.