Ẹ̀kọ́ 9: Dídín Ọ̀rá Ikùn Kù Lẹ́yìn Ogójì Ọdún

Ẹ wo ọ̀gá tó ń ta tẹlifíṣọ̀n ní ọjà Àlábà, ní Ọ̀jọ́. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, òun ló ń ru ẹrù sínú ọkọ̀. Ní báyìí, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló ń ru ẹrù. Ṣùgbọ́n ẹ̀bà tó ń jẹ kò dín kù. Oúnjẹ tí ara kò bá lò, ọ̀rá ló ń dà.

Ọjọ́ orí náà lọ́wọ́ sí i. Bí a ṣe ń dàgbà ni iṣan ara ń dín kù, bẹ́ẹ̀ iṣan ń lo agbára oúnjẹ ju ọ̀rá lọ. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń lọ sópin sábà máa ń rí i pé ọ̀rá ń kó jọ sí ikùn.

Àwọn kan ka ikùn ńlá sí àmì ìgbádùn. Bí ẹnìkan bá fọn, wọ́n á ní, "Ṣé kò sí o?" Ṣùgbọ́n ọ̀rá ikùn lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà.

Wíwọn ikùn

Ẹ yí téèpù aránṣọ ká ikùn ní ọ̀gangan ìdodo. Ẹ má fa ikùn wọlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ewu pọ̀ bí ti obìnrin bá ju sẹ̀ǹtímítà 88 lọ, nǹkan bí ínṣì 35. Ti ọkùnrin jẹ́ 102, nǹkan bí ínṣì 40.

Oúnjẹ

Ẹ má febi pa ara yín. Ẹni tí kò jẹun láti àárọ̀, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wá dá dúró ní títì Badagry, gàlà àti mínírà ni yóò rà. Bó bá dé Okokomáíkò lálẹ́, òkèlè ńlá ni yóò jẹ sùn. Ẹ jẹun àárọ̀ àti ọ̀sán dáadáa, kí ti alẹ́ kéré.

Ẹ dín òkèlè kù, kí ẹ fi ẹ̀fọ́ kún un. Ẹ yan ẹja tàbí kí ẹ sè é, ẹ má dín in. Agbára tó wà nínú òróró ju ìlọ́po méjì ti ṣúgà tí ìwọ̀n wọn bára mu. Ẹ mu omi dípò mínírà. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí náírà 10 lórí lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò aládùn.

Eré ìdárayá

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà ṣe eré ìdárayá fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀: ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ márùn-ún. Ẹ rìn kánkán débi tí ẹ fi lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin. Bí ẹ bá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Ìyànà Ìbà, ẹ sọ̀kalẹ̀ kó tó délé, kí ẹ fẹsẹ̀ rin ìyókù. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ máa dìde lórí àga, kí ẹ tún jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, láìfọwọ́ ti nǹkan. Èyí ń fún iṣan lágbára.

Ìkìlọ̀

Tíì tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì pé ó ń fa ikùn wọlé, omi ló ń lé jáde nínú ara. Ọ̀rá ikùn ṣì wà níbẹ̀. Kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí àyà dídùn kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Bí ẹ bá fi kílò kan tàbí ààbọ̀ dín kù lọ́sẹ̀, ó tó.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí ikùn ọ̀gá náà fi ń tóbi?
2. Oúnjẹ wo lẹ máa ń dín nílé? Báwo lẹ ṣe lè sè é?
3. Ẹ wọn ikùn yín. Ẹ kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ òní sílẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn oṣù kan.