Yé, Sàba, Pamọ: Ọjọ́ Wo Ni Ká Ti Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Kà?

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí Yorùbá ń lò fún adìẹ, tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń dà pọ̀ mọ́ra wọn, pàápàá àwa tí wọ́n bí sí Àríwá níbí, tó jẹ́ pé inú ilé nìkan la ti ń gbọ́ Yorùbá. Adìẹ yé: ẹyin ti jáde lára rẹ̀. Adìẹ sàba: ó ti jókòó lé ẹyin, ó ń mú un móoru, kì í fẹ́ dìde mọ́. Adìẹ pamọ: òròmọdìẹ ti jáde. Láàárín yé àti sàba, ọjọ́ lè pọ̀ díẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà.

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọjọ́ 21 ni ẹyin adìẹ fi ń di òròmọdìẹ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ wo? Àgbébọ̀ kì í yé ju ẹyin kan lọ lóòjọ́, ó sì máa ń fo ọjọ́ kan nígbà mìíràn. Tó bá yé tán, á bá tirẹ̀ lọ, á máa jẹko kiri. Ẹyin tó fi sílẹ̀ ò tíì kú, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì máa dàgbà. Àmì funfun kékeré kan wà lórí pupa ẹyin, ibẹ̀ ni ọmọ ti máa bẹ̀rẹ̀. Bí ooru ò bá kàn án, ńṣe ló máa ń sùn. Ìgbà tí ẹyin bá pọ̀ tó lójú ìyá ni yóò tó sàba, nígbà náà ni gbogbo wọn máa jí lọ́jọ́ kan náà. Èyí tó yé lọ́jọ́ Ajé àti èyí tó yé ní ọ̀sẹ̀ kejì á sì jọ pa. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àkọ́pa á ti máa fẹ́ kí ìyá mú òun jáde lọ wá oúnjẹ nígbà tí àbúrò rẹ̀ ṣì wà nínú èèpo.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé lásán o. Àgbébọ̀ pupa tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa yé ẹyin 11 láàárín ọjọ́ 14, alẹ́ Sátidé ló sàba. Ní báyìí ó ti di ọjọ́ 24 tó ti yé ẹyin àkọ́kọ́, àwọn kan sì ti ń sọ pé ọjọ́ ti kọjá, òbu ni gbogbo ẹ̀, kí àwọn ìyá ilé ìdáná kó o dà nù kó tó máa rùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò! Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni adìẹ yẹn tíì fi sàba.

Ẹ̀rí wà. Lálẹ́ ọjọ́ keje, olùkọ́ wa nínú iṣẹ́ ọ̀gbìn gbé tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ẹyin kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn, wọ́n sì ní kí a wò ó. Mẹ́sàn-án nínú wọn ní iṣan pupa wẹ́wẹ́ tó nà káàkiri bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Méjì mọ́ kedere bí ìgbà tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé wọn, kò sọ́mọ níbẹ̀, a sì yọ wọ́n kúrò. Èyí ló jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹnì kan ní ká fi ẹyin kíréètì méjì dípò wọn. Adìẹ àgíríìkì tó ń yé ẹyin tí wọ́n ń tà ní kíréètì kì í sábà gbé pẹ̀lú àkùkọ, a ò sì lè sàba ohun tí kò lọ́mọ nínú. Kódà kó lọ́mọ nínú, á fi ọjọ́ mẹ́wàá pẹ́ ju àwọn tó kù lọ.

Àwọn tó ń sin awó ní ìhà ibí mọ èyí dáadáa. Wọ́n máa ń gbé ẹyin awó sábẹ́ adìẹ, torí adìẹ mọ̀ ọ́n sàba ju awó lọ. Ṣùgbọ́n ẹyin awó ń lò tó ọjọ́ 26 sí 28. Bí wọ́n bá dà á pọ̀ mọ́ ẹyin adìẹ lọ́jọ́ kan náà, ìyá á kó òròmọdìẹ tirẹ̀ jáde, ẹyin awó á tutù síbẹ̀.

Ká tún wo kíkà fúnra rẹ̀. Alẹ́ Sátidé ni adìẹ wa bẹ̀rẹ̀, nítorí náà Sátidé ọ̀sẹ̀ kẹta ni ká máa retí. Àgbàlagbà lè pe ọjọ́ yẹn ní ìjọ́ kejìlélógún, torí pé kíkà àtijọ́ máa ń ka ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ọjà tó ń padà bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin fi ń jẹ́ ọjà ọrọọrún. Ẹ má bá wọn jiyàn, ọjọ́ kan náà lẹ jọ ń sọ.

Kí ọjọ́ yẹn tó pé, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ìyá. Ìyẹ́ abẹ́ àyà rẹ̀ máa ń re kí awọ gbígbóná lè kan ẹyin, ó sì máa ń fi ẹnu yí wọn lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́ kí ọmọ má baà lẹ̀ mọ́ èèpo. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ló sábà ń dìde, ó lè má ju ìṣẹ́jú 20 lọ, kó jẹun, kó mumi, kó yàgbẹ́ ńlá kan tó ń rùn. Ẹ má lé e padà, ẹ má sì rò pé ó ti kọ ẹyin sílẹ̀. Gbé omi àti àgbàdo sítòsí rẹ̀, ó tán.

Láti ọjọ́ kejìdínlógún, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹyin mọ́. Ẹ lè gbọ́ ohùn ọmọ kó tó fọ́ èèpo. Láti ìgbà tó bá ti lu ihò àkọ́kọ́, ó lè gba odindi ọjọ́ kan kó tó jáde. Ẹ má bá a bó o, torí ẹ̀jẹ̀ ṣì lè wà nínú awọ tẹ́ẹ́rẹ́ abẹ́ èèpo. Òròmọdìẹ tó bá sì jáde ò ní tètè kú fún ebi, pupa ẹyin tó fà sínú ikùn á gbé e tó ọjọ́ méjì, kí ìyá lè dúró de àwọn tó kù. Lẹ́yìn ìyẹn, ká fún wọn ní àgbàdo tí a lọ̀ wẹ́wẹ́ àti omi nínú àwo tí kò jìn, kí wọ́n má kó sómi. Ká sì wá apẹ̀rẹ̀ ńlá tí a ó máa dé mọ́ wọn lọ́sàn-án, torí àwòdì ti ń fò yí ká orí ilé ìdáná láti ìsinsìnyí.