BÍ A ṢE Ń PÍN DÍSÌKÌ LÁPTỌ́Ọ̀PÙ FÚN WINDOWS ÀTI UBUNTU

Ẹ̀kọ́ wa tọdún yìí dá lórí kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni àsìkò tí Microsoft fi ń ṣe ìtọ́jú Windows 10 fún gbogbo ènìyàn parí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kò kúnjú òṣùwọ̀n fún Windows 11. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń gbé Ubuntu sí ẹ̀gbẹ́ Windows nínú ẹ̀rọ kan náà. Ubuntu jẹ́ ọ̀kan nínú ẹbí Linux, èyí tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ìlú Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991. Ọdún 2004 ni Ubuntu jáde, ọ̀fẹ́ sì ni.

Iṣẹ́ yìí dára, ṣùgbọ́n ó léwu fún ẹni tí ó bá kánjú. Inú láptọ́ọ̀pù ni ọ̀pọ̀ wa ń kó èsì ìdánwò, àwòrán ìgbéyàwó àti iṣẹ́ tí a fi èdè Lárúbáwá tẹ̀ sí. Títẹ ibi kan ní àṣìṣe lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

KÍ NI PÍNPÍN DÍSÌKÌ?

Ẹ jẹ́ kí a fi dísìkì wé ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì kan. Bí a bá la ààlà sí àárín rẹ̀, ilẹ̀ náà kò tóbi sí i. Ohun tí a fún Ubuntu, lára ti Windows ni a ti gé e. Ààlà pọn dandan nítorí pé ọ̀nà tí àwọn méjèèjì ń gbà to fáìlì yàtọ̀: Windows ń lo NTFS, Ubuntu ń lo ext4.

BÍ A Ó ṢE ṢE É

Èkíní: Ẹ da gbogbo fáìlì yín kọ sí dísìkì mìíràn tí ó wà lóde ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì ṣí díẹ̀ wò níbẹ̀ bóyá ó pé. Ẹ̀dà tí ó wà nínú ìpín mìíràn lórí dísìkì kan náà kì í ṣe ẹ̀dà; bí dísìkì bá bàjẹ́, méjèèjì lọ nìyẹn.

Èkejì: Bí BitLocker bá ti dísìkì náà pa, ẹ kọ nọ́ńbà 48 tí a fi ń ṣí i sórí ìwé. Ẹ pa Fast Startup pẹ̀lú, nítorí kì í jẹ́ kí Windows kú tán nígbà tí a bá pa ẹ̀rọ.

Ẹ̀kẹta: Láti inú Windows fúnra rẹ̀, ẹ ṣí Disk Management, ẹ yan C, kí ẹ tẹ "Shrink Volume". Ubuntu ń fẹ́ ó kéré tán 25 GB, ṣùgbọ́n 50 GB rọrùn jù. 51200 ni ẹ ó kọ síbẹ̀, nítorí MB ni wọ́n fi ń kà á. Àyè tí ó bá yọ yóò máa jẹ́ "Unallocated". Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ rí i pé bátìrì kún, kí iná má baà lọ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ fi fúláàṣì tí a gbé Ubuntu sí tan ẹ̀rọ. Ẹ lè kọ́kọ́ dán Ubuntu wò láti orí fúláàṣì láìfọwọ́ kan dísìkì rárá. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ yan èyí tí ó ní kí a fi í sí ẹ̀gbẹ́ Windows. Ẹ ṣọ́ra fún "Erase disk": òun ni ó ń pa gbogbo dísìkì rẹ́, àti Windows àti fáìlì.

Ẹ̀karùn-ún: Nígbà tí ẹ bá tún tan ẹ̀rọ, GRUB yóò bi yín èwo ni ẹ fẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo ní í ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ubuntu lè ka fáìlì Windows, ṣùgbọ́n Windows kì í dá ka ext4. Nítorí náà ẹ kó ohun tí ẹ ó máa lò níhà méjèèjì sí ìhà Windows.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí kò bá tíì ní ẹ̀dà fáìlì rẹ̀ lóde, kó má tíì bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló dé tí ẹ̀dà lórí dísìkì kan náà kò tó?
2. MB mélòó ni 40 GB?
3. Kí ni "Erase disk" ń ṣe?