Èèrà tó mọ ìgbàgbé: bí kọ̀ǹpútà ṣe ń wá ọ̀nà nígbà tí ọ̀nà bá yí padà

Ẹni tó bá ń gbé Mowe tàbí Ibafo mọ̀ pé ọ̀nà tó já gaara láàárọ̀ Ajé lè di súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láàárọ̀ Ìṣẹ́gun. Kí tírélà kan ṣoṣo dúró lórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ọgbọ́n àná ti di òfo. Báwo wá ni kọ̀ǹpútà ṣe ń wá ọ̀nà nígbà tí ọ̀nà fúnra rẹ̀ ń yí padà?

Ẹ jẹ́ ká bi èèrà. Bó ṣe ń rìn ló ń fi òórùn sílẹ̀, àwọn tó kù á sì tẹ̀ lé ibi tí òórùn bá ti pọ̀ jù. Èyí tó gba ọ̀nà kúkúrú máa ń tètè lọ, tètè bọ̀, torí náà òórùn ibẹ̀ á pọ̀ kíákíá. Simon Goss àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brussels tẹ ìwádìí jáde lórí èyí ní 1989. Àmọ́ nígbà tó jẹ́ ọ̀nà gígùn nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn èèrà, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣí èyí tó kúrú lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ èèrà ò yà síbẹ̀. Òórùn àtijọ́ ti lágbára jù, kì í sì í tètè gbẹ.

Marco Dorigo lo ọgbọ́n èèrà yìí nínú iṣẹ́ PhD rẹ̀ ní Milan ní 1992. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, òórùn gbọ́dọ̀ máa dín kù. Ká ní ó ń dín ní ìdá 10 nínú 100 ní ìpele kọ̀ọ̀kan: 100 á di 90, 90 á di 81. Tó bá fi máa di ìpele keje, kò ní tó 50 mọ́. Ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò gbà mọ́ á di ìgbàgbé.

Ọ̀nà míì ni èyí tí John Holland kọ̀wé lé lórí ní 1975: ìdáhùn tó dára á bímọ, èyí tí kò dára á kú. Mo gbìyànjú rẹ̀ wò. Mo fọwọ́ ara mi ya àwòrán ọ̀nà kékeré láti Mowe dé Ifọ̀, mo sì fi ìdáhùn 50 sí i. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi jọra bí ìbejì. Ni mo bá dí ọ̀nà kan. Ha! Gbogbo wọn há síbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà míì láàárín wọn.

Ohun tí Grefenstette dábàá ní 1992 ló yọ mí: ní ìran kọ̀ọ̀kan, yọ díẹ̀ kúrò, kó o fi àlejò tí kò mọ nǹkan kan rọ́pò wọn. Mo fi àlejò 5 sí i, wọ́n sì rí ọ̀nà jáde.

Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀fẹ́ o. Tí ọ̀nà bá dúró bó ṣe wà, àlejò kàn ń fi àkókò ṣòfò ni. Tí ìgbàgbé bá pọ̀ jù, a ò ní kọ́ nǹkan kan. Tó bá kéré jù, a ó há. Bí ayé ṣe ń yí sí ló yẹ ká fi wọn ìgbàgbé. Ẹ sọ 10 yẹn di 50 nínú ìṣirò òkè yẹn, kẹ́ ẹ wo iye tó máa kù ní ìpele kẹta.