ÀWỌN ÀṢẸ TÍ Ó YẸ KÍ OLÙTỌ́JÚ LINUX MỌ̀

Ní ọdún 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ Linux, èyí tí a lè fi tọ́jú kọ̀ǹpútà láìsan owó. Lẹ́tà kékeré ni kí ẹ fi tẹ àwọn àṣẹ wọ̀nyí:

1. pwd: ó ń sọ ibi tí a wà. ls ń fi ohun tí ó wà níbẹ̀ hàn.

2. cp: ó ń ṣe ẹ̀dà. Àmánà ni èsì ìdánwò àwọn ọmọ. Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà níbòmíràn.

3. rm: ó ń pa fáìlì rẹ́. Bí ìgbà tí a fọ wàláà ni, ohun tí a kọ ti lọ nìyẹn. Nígbà kan, a kò tẹ pwd kí a tó tẹ rm. Èsì kíláàsì kan ni a pa rẹ́. Inú ìwé ni a ti tún un kọ. Nítorí náà, ẹ máa tẹ rm -i, kí ó lè kọ́kọ́ bi yín léèrè.

4. df -h: ó ń fi àyè tí ó ṣẹ́kù hàn.

5. sudo poweroff: ẹ fi pa kọ̀ǹpútà kí epo jẹnẹrétọ̀ tó tán.

Ẹni tí ó bá gbàgbé, kí ó tẹ man cp tàbí man rm. Àlàyé yóò jáde. Abéèrè kì í ṣìnà.